Ẹni tó kọ́kọ́ rí i

Framingham, Massachusetts,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 2025.

Mùfú ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó ń kọ́? Ara Màmá ti le dáadáa? Má bínú pé mi ò tètè dá ọ lóhùn, iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Mo ka ohun tí o kọ nípa àkọ́bí rẹ tó ní òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. O ní kí n sọ ohun tí mo rò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo lọ lánàá.

Memorial Day ni àná níbí, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú sójú ogun. Ẹran ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi ọjọ́ náà sun, ṣùgbọ́n bàbá tí mò ń tọ́jú ní kí n gbé òun lọ sí itẹ́ òkú Woodlawn ní Wellesley, kò jìnnà sí wa. Mo ti àga onítáyà rẹ̀ títí a fi dé ibojì David Ouellet, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan. Bàbá ò mọ̀ ọ́n rí o. Odò kan náà ni àwọn méjèèjì ṣọ́ nígbà ogun Vietnam, àmọ́ David ti kú kí bàbá tó débẹ̀.

Mùfú, ọkọ̀ tí wọ́n fi jagun yẹn yóò yà ọ́ lẹ́nu. Fáíbà ni! PBR ni wọ́n ń pè é, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ, èèyàn mẹ́rin péré ló ń wà nínú rẹ̀. Kò ní irin tó ń yí lábẹ́ omi bíi ti ẹ́ńjìnnì Yamaha wa. Ńṣe ló ń fa omi sínú, tí yóò sì fi agbára tú u jáde lẹ́yìn, ìyẹn ló ń ti ọkọ̀ síwájú. Iléeṣẹ́ Jacuzzi ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, àní àwọn tó ń ṣe ọpọ́n ìwẹ̀ àwọn olówó. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ bàbá yín gun iyanrìn, tí irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣẹ́, tí a wọ́ ọ dé Ẹ̀pẹ́ lóru? Ibi tí omi ò ti jìn rárá ni tiwọn ti ń sáré. Ṣùgbọ́n fáíbà kì í dá ọta ìbọn dúró.

Nígbà ogun náà, 1966 ni àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn ọkọ̀ yìí ṣọ́ ibi tí odò Mekong ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Wọn á dá ọkọ̀ ará abúlé dúró, wọn á yẹ ìwé wò, wọn á tú ẹrù, kí ohun ìjà má baà dé ọwọ́ àwọn Viet Cong, àwọn jagunjagun Vietnam tó ń bá Amẹ́ríkà jà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìyá tó ń gbé ẹja lọ sọ́jà, tí àwọn àjèjì ní kó ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá mi ni mo rí.

Ọmọ ọdún 22 ni David. Mo mọ̀ pé o ti ń fi wé ẹnì kan. Òun ló ń di ìbọn iwájú ọkọ̀ mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1967, ó rí ohun kan tí kò dá a lójú létí odò, ó sì sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n lọ wò ó. Wọ́n ń sá eré burúkú lọ lẹ́bàá etí odò nígbà tó rí bọ́ǹbù àfọwọ́jù tó ń bọ̀ lókè. Ó kúrò nídìí ìbọn rẹ̀, níbi tí ààbò díẹ̀ wà, ó sáré láti iwájú ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ó ń pariwo pé kí wọ́n sá pamọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. David fò gun orí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó tì í ṣubú. Nígbà tí bọ́ǹbù balẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sáàárín bọ́ǹbù náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ rí i, Mùfú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa ń ráyè sá ju gbogbo èèyàn lọ. Ìṣẹ́jú àáyá tó fi ju àwọn yòókù lọ yẹn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ná an sí.

Mo bi bàbá bóyá òun náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, kí n bá òun tún kọ́là ẹ̀wù òun ṣe, atẹ́gùn ń wọlé.

Wọ́n fún David ní Medal of Honor lẹ́yìn ikú rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù tí ológun Amẹ́ríkà lè gbà. Wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun ńlá kan, USS Ouellet, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970. Ní 1996, ọkọ̀ náà di ti Thailand, orúkọ ọba wọn àtijọ́ kan ni wọ́n sì fi rọ́pò tirẹ̀. Èyí dun bàbá. Ó ní orúkọ David ṣáà ṣẹ́ kù sára ògiri dúdú tó wà ní Washington, níbi tí orúkọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú nínú ogun Vietnam, tó lé ní 58,000, wà. Wọn ò to ìyẹn bí ABD o, bí ikú ṣe ń pa wọ́n tẹ̀ léra ni wọ́n tò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, mi ò tíì rí èsì kankan fún ọ. Sọ fún un kó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́. Bá mi kí Màmá gidigidi.

Èmi ni,
Làtí