Kí O Tó Ra Ìbòjú Ìnàkí Yẹn

Àdùnní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé ìbòjú ìnàkí lo fẹ́ wọ lọ́jọ́ tí ẹ máa pàtẹ iṣẹ́ yín, bíi ti àwọn Guerrilla Girls, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ayàwòrán tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin nínú iṣẹ́ ọnà. Inú mi dùn sí ọ. Àwọn obìnrin yẹn gbọ́n. Láti 1985 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní New York ni wọ́n ti ń fi ojú pamọ́, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ àwọn obìnrin ayàwòrán tó ti kú.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọ́n ka iye kí wọ́n tó pariwo. Wọ́n wọ Metropolitan, mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní New York, wọ́n ń kà á níkọ̀ọ̀kan. Ní 1989, wọ́n gbé e sára pósítà: nínú àwọn ayàwòrán tí iṣẹ́ wọn wà ní apá ti ìgbàlódé, àwọn obìnrin ò tó 5%; ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n yà níhòòhò, 85% ló jẹ́ obìnrin. Ta ló fẹ́ bá èèyàn jiyàn lórí ìyẹn? Ìwọ náà, mú bírò, kí o lọ ka ti ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ó wá ku ìbòjú. Wọ́n ní ẹnìkan nínú wọn ló ṣi “guerrilla” (ajagun abẹ́lẹ̀) kọ, tó kọ “gorilla” (ìnàkí), ni àwàdà bá dé. Àmọ́ àwàdà yẹn ò lè rí bákan náà lójú gbogbo èèyàn. Ìnàkí ni wọ́n fi ń bú àwa dúdú láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

N kò sọ èyí fún ọ rí. Níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lórí àga mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo jù ú sínú pàǹtí, mo jókòó, mo ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò ní kí o má wọ̀ ọ́ o. Ṣáà kọ́kọ́ wo ohun tí Betye Saar, obìnrin dúdú ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1972. Ó rí ère Aunt Jemima kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe obìnrin dúdú yẹ̀yẹ́. Ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Saar fi ìbọn sí ìkejì. Kò jù ú nù bí mo ṣe ju tèmi.

Tó o bá fẹ́ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ. Àga aláwọ̀ búlúù ni, apá rẹ̀ kan ti bó. Àárín gbùngbùn ni wọ́n gbé e sí, èèpo rẹ̀ sì ti ń ní àmì dúdú. Tó o bá yà á tán, fóònù mi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi sí ti bàbá rẹ. N kò tíì sọ fún un.

Ìyá rẹ.