Àkànní, wo ibi tí owó ń sùn sí

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. A dúpẹ́ pé àlàáfíà ni ẹ wà. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

O ní o ti tọ́jú 600,000 náírà, o wá ń bi mí bóyá kí o fi kún ọjà ṣọ́ọ̀bù ìwé wa ni, àbí kí o fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ti di ọjà àná. Bóyá. Èmi tí mo ti ń tàwé láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi, ibi tí owó ń sùn sí ni mo máa ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń fi àkísà nu àwọn ìwé abẹ́ káńtà. Mo ṣí ìwé ìṣirò kan. O mọ̀ pé pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ iye owó sójú ewé àkọ́kọ́. Mo ti kọ 350, mo pa á rẹ́, mo kọ 900, mo tún pa á rẹ́, mo kọ 2,500. Ìwé kan náà ni o, kò kúrò lójú kan! Ẹni tí kò mọ̀ á ní mo ti jèrè. Wọ́n ti yí ìlànà ẹ̀kọ́ padà, kò sí olùkọ́ tó máa ní kí ọmọ rà á mọ́. Mọ́kànlélógójì irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Owó mi ló sùn síbẹ̀ tí eruku ń bò.

Amazon tí ẹ ń pariwo rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ló kọ́kọ́ tà, ní 1995. Oníbàárà á ti sanwó kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó kó ìwé wá, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbowó tirẹ̀. Owó olówó ni wọ́n fi ń ṣòwò láàárín ìyẹn, láìsan èlé. Borders, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà, oṣù lórí oṣù ni ìwé fi ń jókòó lórí pẹpẹ rẹ̀, owó ilé kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2001, ó tún gbé títà orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún Amazon. (Ta ní í gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó ń bá a du oníbàárà?) Ní 2011, ó kógbá sílé.

Ṣùgbọ́n òwò lè dára kí ìpín rẹ̀ wọ́n jù. Ìpín Amazon tó ju 100 dọ́là lọ ní ìparí 1999, kò tó 10 dọ́là ní 2001. Ọdún 2003 ni wọ́n tó kọ́kọ́ rí èrè odindi ọdún. Ṣé owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ lè dúró tó bẹ́ẹ̀?

Tiwa ńkọ́? Jumia, tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ọ̀pọ̀ wa kì í sanwó ohun tí a kò tíì fojú rí, èmi náà wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ní ká máa sanwó bí ẹrù bá délé. Ohun tó gbé Amazon dúró ló dojú kodò yẹn. Owó ọlọ́kadà ti kúrò lápò kí oníbàárà tó sọ pé kò wu òun mọ́. Oṣù kẹrin 2019 ni ìpín wọn wọ ọjà ìpín New York ní 14.50 dọ́là, kí ọdún tó yípo, kò tó 3 dọ́là.

Má tìtorí àánú mi kówó sí ṣọ́ọ̀bù. Iléèwé kan kó ìwé àwìn lọ́wọ́ mi lọ́dún kejì sẹ́yìn. Ọ̀gá wọn kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa mọ́, ẹ̀yìn ló ń gbà lọ sí Ọjà Ọba. Bí o bá fẹ́, mú 200,000 wá. Ìwé tí àwọn òbí bá ti san ìdajì owó rẹ̀ lórí WhatsApp nìkan ni màá fi lọ kó ní Ìbàdàn kí iléèwé tó wọlé lóṣù kẹsàn-án, wàá sì gba owó rẹ kí Kérésì tó dé. Ìyókù, jẹ́ kó wà ní báńkì ná. Ilé-iṣẹ́ tó bá wù ọ́, kọ́kọ́ wádìí ìgbà tí oníbàárà wọn ń sanwó àti ìgbà tí àwọn náà ń san ti ẹni tó kó ọjà fún wọn, kí o tó béèrè iye ìpín.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí n tó gbàgbé, ìwé mẹ́ta tí o kó fún Tọ́mi lọ́dún tó kọjá, 7,500 náírà, ó ṣì wà lójú ewé àwìn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ