Jẹ́lé-ó-sinmi: ilé sinmi, ọmọ ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo bá wá, àmọ́ èmi bàbá ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, mo bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti da gbogbo ohun tí ìyá ẹ̀ tò sínú báàgì tuntun síta, ó wá ń kó tiẹ̀ sí i: tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ṣíbí, àti okùn tó tú lára bàtà tí mo máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí lo fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe, ó wò mí bíi pé èmi ni ọmọdé, ó ní "Dádì, tí inú ihò yẹn bá ṣókùnkùn ńkọ́?"

Ihò kẹ̀? Àṣé géètì skúù ló ń sọ. Ó ti rí i lọ́jọ́ tá a lọ forúkọ sílẹ̀, géètì dúdú gìrìwò, kò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dáadáa, ló bá pinnu fúnra ẹ̀ pé ihò ni, pé nǹkan kan ń gbé ibẹ̀ tó máa ń bú ramúramù, òun ni wọ́n sì rán kó lọ wò ó wá. Okùn bàtà yẹn, ó máa so ó mọ́ géètì kó lè mọ ọ̀nà ilé. Ti ṣíbí ò yé mi títí dòní.

Ẹ̀rù ń bà á o, síbẹ̀ ó ti di ẹrù, ó fẹ́ lọ. Kí lèmi àgbàlagbà wá sọ? Mo ní "Kó pàǹtírí yìí kúrò níbẹ̀, tí àǹtí bá rí i wọ́n máa nà ẹ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo gba okùn bàtà mi, ó dákẹ́.

Láàárọ̀ ó di ìka mi méjì mú títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Àǹtí tíṣà ní kí n dágbére fún un kí n máa lọ. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní tí mo bá dágbére á sunkún, mo dúró dìgbà tó yíjú sí àwọn búlọ́ọ̀kù onígi tí wọ́n tò sílẹ̀, mo bá yọ́ jáde bí olè. Mi ò tíì dé géètì tí mo fi gbọ́ igbe ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀, kí igba ọmọ máa ké pọ̀, kálukú mọ ohùn tiẹ̀. Mo padà, mo ń yọjú lójú wíńdò.

Àǹtí ti lóṣòó síwájú ẹ̀, báàgì ti ṣí, tọ́ọ̀ṣì òkú yẹn (ó ti dá a padà síbẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀) wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ní kó dákẹ́ o, ohun tí mo gbọ́ ni "Kí la máa fi èyí wá?" Ó fa ikun símú, ó ṣàlàyé. Ni àwọn méjèèjì bá gbéra, wọ́n yẹ abẹ́ tábìlì wò, wọ́n yẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wò, wọ́n dé tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, àǹtí fa omi, omi bú yàà, ọmọ mi fò sẹ́yìn, àǹtí ní "Yéè, a ti jí i lójú oorun!" Kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́ta mìíràn ti tò tẹ̀ lé wọn, ìkan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun di tọ́ọ̀ṣì mú. Tọ́ọ̀ṣì tí ò tàn!

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, mo wá lọ kàwé díẹ̀. Ará Jámánì kan, Friedrich Fröbel, ló dá irú skúù yìí sílẹ̀ ní 1837 nílùú Bad Blankenburg, ní 1840 ló sọ ọ́ ní kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú hun, igi onígun mẹ́rin, orin, àti ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń gbin nǹkan sí, ohun tó fi ń kọ́ wọn nìyẹn. Ìjọba Prussia, ilẹ̀ ọba ńlá kan ní Jámánì láyé ìgbà yẹn, ti ẹ̀ fòfin dè é ní 1851, wọ́n ní àìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ló ń kọ́ àwọn ọmọ, bàbá yẹn kú ní 1852, ó di 1860 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Eré ọmọdé ló já ìjọba láyà bẹ́ẹ̀ o.

Tiwa wá ńkọ́? Jẹ́lé-ó-sinmi. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ ẹni tó sọ ọ́. Àmọ́ ilé ló ń rò. Ọmọ tó jáde kí ilé lè sinmi, ibo lòun gbà pé òun ń lọ? Fọ́ọ̀mù tí mo kọ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, wọ́n bi mí ní ọjọ́ ìbí, àìsàn, nọ́ńbà fóònù, ẹni tó máa wá mú un. Ẹ jẹ́ kí àwọn skúù fi ìlà kan kún un: kí lọmọ yín sọ pé ó wà lẹ́yìn géètì? Ihò ni o, ọkọ̀ ojú omi ni o, àǹtí tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ti mọ ibi tóun máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń yọ́ jáde bíi tèmi, ẹ yé é jàre. Ọmọ tó yíjú padà tí ò rí yín mọ́, lọ́jọ́ kejì kò ní yíjú kúrò lára yín rárá. "Aago kan ni mo máa dé" ò sì yé wọn. Ohun témi sọ lọ́jọ́ kejì ni pé tẹ́ ẹ bá ti sùn tẹ́ ẹ jí, tẹ́ ẹ kọrin tán, wàá rí mi lẹ́nu ihò. Mo tú okùn bàtà mi fún un, ó so ó mọ́ géètì ní kókó bíi mẹ́fà, ó wọlé. Ẹkún wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́, àmọ́ bó ṣe ń sunkún ló ń lọ.

Okùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ di àárọ̀ yìí, bàtà mi sì ń ṣe pàpàpà lẹ́sẹ̀ mi lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá ọmọ kan.