Ọ̀nà Èkó láti Salvador

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú otútù London o.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù, pé mo pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá mi, ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lo gbọ́ pé ara Màmá mi ò yá. Kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó ṣú, o ti jókòó tì wọ́n. Èmi ọmọ wọn wá dé nígbà tí wọ́n ti dìde, tí wọ́n ń jẹ àmàlà. O ò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ọ́.

Jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi. Láti Ìkẹjà sí Heathrow, bíi 5,000 kìlómítà ni. Láti Ìkẹjà sí pápákọ̀ òfuurufú Salvador ní Brazil níbí, bíi 5,080 ni. Ohun tí tèmi fi ju tìrẹ lọ ò ju Èkó sí Abẹ́òkúta! Àmọ́ bàálù tìrẹ ń lọ tààrà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré. Kò sí bàálù tó ń ti Èkó fò tààrà wá sí Salvador.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, òkun wà níwájú wa, Brazil wà lódìkejì rẹ̀, bàálù wá kẹ̀yìn sí i, ó kọrí sí ìlà-oòrùn. Wákàtí márùn-ún dé Addis Ababa ní Ethiopia. A sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a tún dá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kọjá padà, a la òkun, bíi wákàtí méjìlá kí a tó balẹ̀ sí São Paulo. Mo tún wọ òmíràn láti ibẹ̀ gòkè wá sí Salvador, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Mo ṣírò gbogbo rẹ̀: ó lé ní 15,000 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà!

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀nà tààrà ti wà rí. Ọ̀nà ẹrú ni lákọ̀ọ́kọ́, Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òun náà làwọn Àgùdà, àwọn tó gba òmìnira ní Brazil, gbà padà wálé sí Èkó, òun sì làwọn oníṣòwò fi ń kó obì, aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú wá sí Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, ní ọ̀rúndún 19. Títí dòní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa ní ìkóríta wa níbí, acarajé ni wọ́n ń pè é. Bí òórùn rẹ̀ bá ti gbà mí nímú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá mi ni mo máa ń rí.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́ Ajé ni mo máa kúrò níbí, Ọjọ́rú ni n ó dé. Bí o bá ṣáájú mi balẹ̀, bá mi sọ fún wọn pé mo ti wà lọ́nà.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́