Lẹ́tà sí Délé láti Adelaide, ní Australia

Délé, ọ̀rẹ́ mi,

Ìbàdàn ńkọ́? Màmá ńkọ́, Bọ̀dá Wálé ńkọ́? O bi mí lórí fóònù pé ta ní ń tọ́jú àkàndá bíi Bọ̀dá níbí tí wọ́n bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ti orí fóònù, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé.

Owó wà o. Òfin 2013 ló dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní NDIS sílẹ̀ fún àwọn àkàndá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kó tó béèrè kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. My Aged Care, ètò àwọn arúgbó, ni wọn yóò ní kó lọ. Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè dúró, àmọ́ tó bá kó lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó pátápátá lẹ́yìn 65, NDIS tán nìyẹn. Àfi bíi pé àkàrà ọjọ́ ìbí ń wo àkàndá sàn!

Bàbá kan wà tí mò ń tọ́jú. Láti kékeré ni ọpọlọ wọn ò ti jí bíi ti ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò sì pọ̀. Nígbà tí ogbó dé, a wá ibi tí àwọn àgbà àdúgbò ti ń péjọ. Àwọn yẹn ní àkàndá ni bàbá, kí á lọ bá àwọn tó ń rí sí àkàndá. A débẹ̀, wọ́n ní ogbó ló ń ṣe bàbá. Inú bí mi, mi ò purọ́ fún ọ.

Men's Shed ló gbà wá, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ń lò. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn náà: báwo ni àwọn yóò ṣe mọ̀ tí bàbá bá fẹ́ tọ̀? Mo ní tí bàbá bá ti ń fa bẹ́líìtì wọn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀kan nínú wọn gbà láti máa dúró tì wọ́n, ó fún wọn ní sáńpépà. Bàbá á ha pákó, ha pákó, wọ́n á wá gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò bóyá ó ti dán. Ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn wúlò ju gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ lọ.

Ní ti Bọ̀dá, òfin àwọn àkàndá tí Buhari buwọ́ lù ní January 2019 wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wẹ̀ fún wọn? Màmá nìkan ló mọ ìṣe wọn, Màmá náà sì ti dàgbà. Jọ̀ọ́, jókòó ti Màmá, kí o kọ ọ́ sílẹ̀: oúnjẹ tí Bọ̀dá kì í jẹ, oògùn wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí inú bá ń run wọ́n, orin tó ń mú wọn sùn. Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n wo ohun tó kù.

Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni,
Káyọ̀dé