Lẹ́ńsì tó wọ ẹnu kámẹ́rà lè má bá a mu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fídíò, inú mi sì dùn pé èdè wa lẹ fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan há mi lọ́fun níbẹ̀: pé kò sí lẹ́ńsì tí kò lè bá kámẹ́rà èyíkéyìí ṣiṣẹ́, kí èèyàn ṣá ti ra àdápítà, ìyẹn òrùka irin tí a ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà tí kò bára mu. Ẹnìkan ti gbà mí nírú ìmọ̀ràn yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí.

Kámẹ́rà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnu Nikon F ló ní, ìyẹn ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní lẹ́ńsì Canon EF, 50 mm (iye yìí ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó). Mo ra àdápítà pẹlẹbẹ kan, mo fi dè é, ó dún ká! Mo ní ó ti bọ́ sí i. Mo gbé ìwé kan sórí tábìlì, mo yà á, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ hàn kedere. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́ńsì. Mo yí i títí ó fi dé òpin, kò yí mọ́, síbẹ̀ ojú ìyàwó ṣú bàìbàì bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ìgbà kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ mọ́ ni ìgbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, tí mo lè nawọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni. Òun ni mo gbé fún wọn gẹ́gẹ́ bí fídíò ìgbéyàwó.

Kí ló fà á? Gbogbo kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì ló ní ìwọ̀n kan pàtó láti ẹnu rẹ̀ dé orí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán. Ti Nikon F, tó jáde lọ́dún 1959, jẹ́ 46.5 mm. Ti Canon EF, tó dé lọ́dún 1987, jẹ́ 44 mm. Ibi tí lẹ́ńsì ọ̀rẹ́ mi ti ń retí sẹ́ńsọ̀ kọ́ ni sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi wà; ó fi 2.5 mm jìn sẹ́yìn, àdápítà tí mo rà sì tún fi ìnípọn tirẹ̀ kún un. Bí lẹ́ńsì bá ti jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó wà nítòsí nìkan ni yóò máa rí. Ìdí nìyẹn tí ìwé orí tábìlì fi mọ́, tó sì tàn mí jẹ.

Ká ní mo yí i po ni, tí lẹ́ńsì bá jẹ́ Nikon tí kámẹ́rà sì jẹ́ Canon, àdápítà 2.5 mm ni ì bá dí àlàfo náà, iṣẹ́ á sì lọ. Lẹ́ńsì tí ìwọ̀n tirẹ̀ gùn ló lè gun kámẹ́rà tí ìwọ̀n tirẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n láti gbé èyí tó kúrú sórí èyí tó gùn, ta ló fẹ́ rọ irin tí ìnípọn rẹ̀ kò tó òdo? Àdápítà míì wà tí wọ́n fi gíláàsì sínú rẹ̀ láti yanjú ìyẹn. Nínú èyí tí mo ti lò, kò sí ọ̀kan tí kò ba àwòrán jẹ́ díẹ̀.

Àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú (mirrorless), tí sẹ́ńsọ̀ wọn sún mọ́ ẹnu, ló mú kó dà bíi pé ohun gbogbo ti ṣe é ṣe. Sony E jẹ́ 18 mm, Canon RF jẹ́ 20 mm, Nikon Z jẹ́ 16 mm péré. Àlàfo pọ̀ níwájú wọn, kódà lẹ́ńsì PL ti àwọn oníṣẹ́ fíìmù, tó jẹ́ 52 mm, lè gun wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sórí Sony, mo fi àdápítà lásán gbé lẹ́ńsì Nikon oríṣi G sí i, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn. Lẹ́ńsì G kò ní òrùka tí a fi ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀. Irin kékeré kan lára kámẹ́rà Nikon ló ń ṣí i, bí kò bá sí, yóò pa ihò náà dé títí yóò fi kéré jù. Ti Canon EF tún yàtọ̀: iná mànàmáná ló ń darí tirẹ̀, bí àdápítà kò bá ní ẹsẹ̀ iná, gbayawu ni yóò ṣí sílẹ̀. Òrùka tí a fi ń mú àwòrán mọ́ lára lẹ́ńsì Nikon tún máa ń yí sódì sí ti Canon, ó sì pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó. Lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C, bí ẹ bá gbé e sórí sẹ́ńsọ̀ ńlá, full frame, tó jẹ́ 36 mm sí 24 mm, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúdú. Tí ẹ bá sì gbé lẹ́ńsì 50 mm sórí Micro Four Thirds, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tún kéré sí ti APS-C, bíi 100 mm ni yóò ṣe fà á mọ́ra. Ẹni tó fẹ́ ya inú yàrá kékeré fi ẹ̀yìn lu ògiri nìyẹn.

Mi ò kórìíra àdápítà o. Mẹ́ta wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì to ìwọ̀n ẹnu kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójú ewé, kí ẹni tó fẹ́ rajà lè fi wéra kó tó sanwó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníkámẹ́rà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín