Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Mítà Ọkọ̀ Dísù Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó epo.

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí lórí fóònù: "Onídísù, 500 lítà lo kọ sí rìsíìtì, kí ló dé tí igi tí a fi ń wọn epo nínú tàǹkì wa ò rí i?" Àwọn kan fi ẹ̀rín bi mí. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ti dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín kà á, pàápàá nítorí pé mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ra 500 lítà lọ́wọ́ wa. Tàǹkì onígun mẹ́rin ni tiwọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi sàmì sára igi tí wọ́n fi ń wọn epo. Wọ́n ní lítà 18 ló dín. Dírẹ́bà mi jiyàn, èmi náà jiyàn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé agolo ìdánwò wa jáde, èyí tó ń gba 20 lítà géérégé, tó ní ọrùn tóóró tí wọ́n fa ìlà sí. A fa epo sí i títí mítà ọkọ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń ka lítà epo tó ń jáde, fi ka 20. Ohun tó wà nínú agolo jẹ́ 19.3. A tún un ṣe: 19.3. Ẹnu mi wọhò.

Kì í ṣe mítà ló bàjẹ́. Ẹ wò ó, bí ìyá onígàárì ṣe ń fi kóńgò wọn gàárì ni mítà ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin eléyín méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí lu ara wọn. Bí wọ́n bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n epo kan pàtó ni wọ́n ń bù láti apá kan sí apá kejì, mítà á sì kà á. Ṣùgbọ́n kò lójú. Ohunkóhun tó bá kún kóńgò rẹ̀ ló ń kà, ìbáà jẹ́ epo, ìbáà jẹ́ afẹ́fẹ́. Wáṣà rọ́bà tó wà láàárín tàǹkì ọkọ̀ wa àti pọ́ǹpù ti sán, pọ́ǹpù wá ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Àgbá kékeré kan wà ṣáájú mítà tó yẹ kó lé afẹ́fẹ́ jáde, àmọ́ ìdọ̀tí ti há a. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ṣí i wò gbẹ̀yìn. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò ní í dì í ru ẹlòmíì.

A ti pààrọ̀ wáṣà, a ti fọ àgbá náà, a sì fi agolo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta: 19.98, 19.99, 19.98. Ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé fún mítà ọkọ̀ epo ni pé àṣìṣe kò gbọdọ̀ ju ìdajì lítà lọ nínú 100 lítà. Nínú 20 lítà, ìyẹn jẹ́ 100 mílílítà, ìdá kan nínú márùn-ún omi píọ̀ wọ́tà oní-50cl. Mo ti gbé lítà 18 màmá náà lọ fún wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ra epo lọ́wọ́ wa láàárín oṣù méjì yẹn, ẹ mú rìsíìtì yín wá: lítà 35 ni mo máa dá padà lórí gbogbo 1,000 lítà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló jẹ́ tèmi o. Ọ̀pọ̀ yín ló ní tàǹkì róbótó tó dùbúlẹ̀ bí àgbá, tí ẹ sì pín igi rẹ̀ sí mẹ́rin ọgbọọgba. Bí ó bá ń gba 1,000 lítà, ẹ ó máa rò pé 250 ni àlàfo kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ àgbá ṣe tóóró, ikùn rẹ̀ fẹ̀, òkè rẹ̀ tún ṣe tóóró. Àlàfo ìsàlẹ̀ ń gba nǹkan bí 195, méjì àárín ń gba bíi 305 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti òkè tún padà sí 195. Ilé ìtura kan ní Bódìjà ra 300 lítà nígbà tí epo wọn wà ní ìdajì gẹ́lẹ́. Epo ò tíì dé àmì kẹta, ni máníjà bá ní mo jí 50 lítà òun. Nígbà mìíràn, wọ́n ra 190 nígbà tí epo ti wà ní àmì kẹta, igi wọn sì fi hàn pé nǹkan bíi 230 ló wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Ooru náà ń dá kún un. Dísù a máa wú bí ó bá gbóná. Bí 1,000 lítà bá fi ìwọ̀n 10 sẹ́ńtígíréèdì tutù nínú tàǹkì abẹ́ ilẹ̀ yín, nǹkan bíi lítà 8 ló máa fi sún kì. Ẹnikẹ́ni ò sì gbé e. Ẹ̀yin tó ń ra ti kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní 25, bí ẹ bá rọ ọ́ dé ẹnu, ó ju 25 lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ wa bí kò bá jẹ́ kí ẹ fún ẹnu họ́ọ̀sì pọ̀. Bí epo bá ń ṣe tó, tó, tó, ó máa ń yọ́ gba àárín eyín irin kọjá láìjẹ́ pé mítà kà á, èmi ni mo sì ń jẹ gbèsè ìyẹn. Iye tí ẹ bá fẹ́, a ó ti yí i sórí mítà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ku lítà díẹ̀, fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà epo, á rọra dín eré epo kù, lẹ́yìn náà ni yóò pa. Kì í ṣe pé epo ń tán nínú ọkọ̀. Bí ó bá pa lójijì, gbogbo epo tó ń sáré bọ̀ nínú páìpù á lù ú gbì, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ẹ̀rọ omi lójijì, irú ìlù bẹ́ẹ̀ ló sì ń sán wáṣà.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, agolo 20 lítà á máa tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sí gbogbo ibi tí a bá ń lọ. Ẹ ríi pé mítà wà ní òdo kí a tó tan pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánwò, ẹ sọ fún dírẹ́bà: 20 lítà àkọ́kọ́ á wọ agolo, ẹ ó fojú ara yín wò ó, a ó wá dà á sínú tàǹkì yín, ó sì wà lára iye tí ẹ rà. Èdìdì òjé kékeré kan wà lára mítà náà, tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò tú u. Bí ẹ bá rí i pé ó ti já, ẹ má ra epo lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ni kí ẹ pè.

Èmi ni tiyín,
Onídísù yín, Ìbàdàn